Kolonósíkópì: kí ló ń sọ àyẹ̀wò ìfun ńlá di àṣedànù?

Nọ́ọ̀sì_Arówómọ́lẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé ìwòsàn. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kọ̀wé. À ń tún ìwé ìlànà kan kọ ní Yorùbá fún àwọn tí dókítà bá ní kí wọ́n wá ṣe kolonósíkópì, ìyẹn rọ́bà oníkámẹ́rà tí dókítà ń ti ihò ìdí kì wọ ìfun ńlá láti wò ó. Ojú ewé kan péré ni, tí ọmọ tó ti jáde ìwé mẹ́fà lè kà sí bàbá rẹ̀ létí. Èyí tó wà nílẹ̀ kò ju "má jẹun láti alẹ́, mu oògùn rẹ tán kí o tó sùn, dé ní aago 8" lọ. Àwọn tó tẹ̀ lé e láìyẹsẹ̀ náà ṣì ń dé pẹ̀lú ìdọ̀tí nínú, pàápàá ní apá ọ̀tún ìfun ńlá, ibi tó jìnnà sí ihò ìdí jù lọ.

Kí ni kí n kọ nípa oúnjẹ tiwa níbí, báwo sì ni èèyàn ṣe lè fi nǹkan ilé wọn oògùn tó ń fọ inú náà? Báwo ni ẹni tó ń bọ̀ láti Àjáàwà tàbí Ìkòyí-Ilé ṣe máa mu oògùn ìdájí tí ojú kò fi ní tì í nínú ọkọ̀? Àwọn kan tún ní tí inú bá ti mọ́, àyẹ̀wò ti dára nìyẹn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

MàmáEndo

Ẹ kú làálàá. Ẹ jẹ́ kí n ti apá ọ̀tún tí ẹ dárúkọ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni àléébù ìwé yín ti hàn. Ìfun kékeré kì í sùn. Ẹni tó mu gbogbo oògùn rẹ̀ tán ní aago 9 alẹ́, inú rẹ̀ á mọ́ lóòótọ́ tó bá fi máa di òru. Ṣùgbọ́n láti òru yẹn títí ilẹ̀ fi máa mọ́, òróòro àti omi inú ìfun kékeré á máa ro wọ ìbẹ̀rẹ̀ ìfun ńlá, á sì máa lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ bí ewédú tó gbẹ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Omi tí dókítà ń fín sí i kì í ṣí i kúrò tán. Abẹ́ ohun tó lẹ̀ yẹn sì ni àwọn pólípù (ẹran kékeré tó ń hù sára ìfun) pẹlẹbẹ tí kò ní ọrùn ń sá pamọ́ sí.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń pín oògùn sí méjì. Ìdajì ní ìrọ̀lẹ́, ìdajì tó kù ní wákàtí 4 sí 6 ṣáájú àyẹ̀wò, kí ó sì ti mu ún tán ó kéré tán wákàtí 2 kí wọ́n tó fún un ní oògùn oorun. Bó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo lẹ máa yí padà nínú ìwé yín, èyí ni kí ẹ yí.

Ní ti òṣùwọ̀n: PEG (oògùn tó ń fọ inú náà) oníyẹ̀ẹ́fun tó jẹ́ àpò 4, àpò kan sí lítà omi 1, gbogbo rẹ̀ lítà 4. Kẹ́ẹ̀gì òróró onílítà 4 tí a fi ọṣẹ fọ̀ títí kò fi rùn mọ́ á gbà á. Ẹni tí kò ní kẹ́ẹ̀gì, píọ̀ wọ́tà 8 ni. Lítà 2 láti aago 6 sí 8 ìrọ̀lẹ́, ife kan tó gba bíi mílílítà 250 ní ìṣẹ́jú 10 sí 15. Gbígbé e mì lẹ́ẹ̀kan ló dára, kí ó má máa tọ́ ọ wò bíi ọtí, torí bó bá ṣe ń pẹ́ lẹ́nu ni ó ń rínni lára. Tó bá tutù, ó rọrùn láti mu. Tí èébì bá ń gbé e, kí ó sinmi bí ìdajì wákàtí, kí ó wá padà sí i. Kí ó má da ṣúgà sí i o.

Oúnjẹ: ọjọ́ 1 ṣáájú ti tó fún ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ ń lọ déédéé. Ẹni tí ìgbẹ́ máa ń gan lára, ẹni tó ti ní ìtọ̀ ṣúgà tipẹ́, ẹni tó ń lo oògùn ìrora bíi kodéènì tàbí tramadol, ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún nínú ikùn rí, ẹ fún wọn ní ọjọ́ 3. Ìrẹsì funfun, búrẹ́dì funfun, iṣu sísè, ẹyin, ẹja, ẹran tí kò lọ́ràá, ẹ̀kọ tútù, kò sí ìjà nínú wọn. Kí ó yàgò fún ẹ̀fọ́, ilá, ewédú, ẹ̀gúsí, àgbàdo, ẹ̀pà, kúlíkúlì, ẹ̀wà àti gbogbo ọmọ ẹ̀wà, gbẹ̀gìrì àti mọ́ínmọ́ín pẹ̀lú. Ẹ fi lẹ́tà gàdàgbà kọ káṣú àti máńgòrò síbẹ̀, torí lásìkò wọn ní agbègbè wa, èèyàn kì í kà wọ́n sí oúnjẹ. Á ní òun kò tíì jẹ nǹkan kan láti àárọ̀. Gúáfà ló burú jù. Kóró rẹ̀ kì í dà nínú, ihò tí ẹ̀rọ fi ń fa omi kò sì tó mílímítà 4 nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Kóró gúáfà tàbí ti tòmátì díẹ̀ tó bá kó jọ síbẹ̀, ó dí nìyẹn, ẹ ò ní lè fa omi kankan mọ́.

Ẹnìkan á béèrè àmàlà. Àmàlà fúnra rẹ̀ kọ́ ni ọ̀ràn, ṣùgbọ́n ta ló ń jẹ àmàlà láìsí ewédú ní Ògbómọ̀ṣọ́? Ẹ kúkú ní kí ó fi í sílẹ̀.

Láti ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú, kìkì ohun olómi tí èèyàn lè rí òdì kejì ife nínú rẹ̀: omi, tíì láìsí mílíìkì, omi oyin, omi àgbọn, Sprite, omi ẹran tí a sẹ́ tí kò ní ata àti epo. Zóbò kò sí níbẹ̀, ohun mímu pupa kankan kò sí níbẹ̀, torí lójú kámẹ́rà ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa ń jọ. Ògì kì í ṣe omi gaara bó ti wù kó ṣàn tó. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú, kí ó dá a dúró ní ọjọ́ 5 sí 7 ṣáájú. Ó máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, á sì máa lẹ̀ bí ọ̀dà.

Ẹ kọ àmì tí á fi mọ̀ pé inú ti mọ́. Ohun tó ń jáde kẹ́yìn gbọ́dọ̀ dà bí ìtọ̀, kí ó lè rí ìsàlẹ̀ póò kedere. Tó bá ṣì rí bí omi ìṣanwọ́ àmàlà, tàbí tí èérún wà nínú rẹ̀, kí ó pè yín lórí fóònù kí ó tó kúrò nílé. Ẹ fi nọ́ńbà kan tí ẹnìkan máa gbé ní aago 6 àárọ̀ síbẹ̀, kì í ṣe ti ọ́fíìsì tí wọ́n ń ṣí ní aago 8.

Ọmọ_ÌsàlẹAfọ́n

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, tó bá dé tí inú kò mọ́, ṣé ẹ́nímà méjì lórí bẹ́ẹ̀dì kò ní yanjú rẹ̀ ni? Nígbà tí PEG bá wọ́n ńkọ́? Mo mọ̀ pé àwọn kan ń lo mánítọ́ọ̀lù, ó sì ń ṣunú dáadáa.

Awòfun

Àbúrò, ẹ́nímà kì í kọjá apá òsì. Ibi tí kò mọ́ gan-an kò ní gbúròó rẹ̀. Tí ẹni náà bá lè dúró, ó sàn kí ó tún mu lítà 1 sí 2 sí i ní wọ́ọ̀dù, kí ẹ sún un sí ìrọ̀lẹ́ tàbí ọjọ́ kejì.

Ẹ ṣọ́ra gidigidi fún mánítọ́ọ̀lù. Irú ṣúgà kan ni. Àwọn kòkòrò inú ìfun ń jẹ ẹ́, wọ́n sì ń tú gáàsì hydrogen àti methane jáde. Bí dókítà bá wá fi iná gé pólípù nínú ìfun tí gáàsì yẹn kún, ó lè bú gbàù. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ó sì la ẹ̀mí lọ. Oògùn ìṣunú onífọ́sféètì tí à ń mu díẹ̀ náà lè ba kíndìnrín jẹ́, ti àgbàlagbà ní pàtàkì. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò bá dára kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan iyọ̀ Epsom náà fún iṣẹ́ yìí.

Ẹ wá jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ti Nọ́ọ̀sì. Rárá o. Inú tó mọ́ kàn ṣí ilẹ̀kùn ni, ẹni tó wọlé ṣì ní láti wò yíká. Ó máa ń rọrùn fún àwa dókítà láti di gbogbo ẹrù lé aláìsàn lórí.

Lákọ̀ọ́kọ́, ṣé ẹ dé ìpẹ̀kun ọ̀nà, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ ìfun ńlá lápá ọ̀tún? Ẹ̀rí rẹ̀ ni fọ́tò ojú apẹ́ńdíìsì àti fọ́tò ẹnu ọ̀nà tí ìfun kékeré gbà wọlé. Ìwé èsì tó sọ pé "a dé òpin" láìsí fọ́tò méjèèjì, ẹnu lásán ni. Nínú 100 èèyàn, ó kéré tán 90 ló yẹ kí a dé ìpẹ̀kun lára wọn, 95 ló sì yẹ kí a máa lé. Ohun tó sábà ń dá rọ́bà dúró ni kó ká lọ́wọ́ sínú ikùn. Títì í kò ṣàǹfààní: ẹ fà á sẹ́yìn kó tọ́, ẹ fa afẹ́fẹ́ jáde, kí nọ́ọ̀sì fi àtẹ́lẹwọ́ ti ikùn níbi tó ká sí, tàbí kí ẹ yí aláìsàn. Ẹni tó bá ń fi agbára tì í ló ń lu ìfun já.

Èkejì ni bíbọ̀. Ìgbà tí rọ́bà ń wọlé, ọ̀nà là ń wá. Ìgbà tó ń jáde bọ̀ là ń wo nǹkan. Ìfun ńlá kún fún ìṣẹ́po bíi ti gèlè, ẹ̀yìn ìṣẹ́po sì ni pólípù fẹ́ràn. Nítorí náà, ẹ máa fa rọ́bà bọ̀ díẹ̀, ẹ tẹ orí rẹ̀ wo ẹ̀yìn ìṣẹ́po, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fa omi rẹ̀, kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ìṣẹ́jú 6 ni wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀. Láti 2024, àwọn ẹgbẹ́ dókítà ikùn ní Amẹ́ríkà ti sún un sí 8, láìka àkókò tí a fi ń gé nǹkan. Ẹ gbé aago sára ògiri. Ẹ kọ aago tí ẹ dé ìpẹ̀kun àti aago tí rọ́bà jáde sínú ìwé. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ìṣẹ́jú 3 fà jáde nínú ìfun tó mọ́ bíi dígí kò sàn ju ti ẹni tí inú rẹ̀ kò mọ́ lọ.

Fún apá ọ̀tún, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì: ẹ fà á bọ̀ dé ìgun tó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀, ẹ padà sí ìpẹ̀kun, ẹ tún wò ó. Àwọn pólípù kan níbẹ̀ máa ń dé fìlà kẹ̀lẹ̀bẹ̀, wọ́n á jọ ìdọ̀tí tó kù. Ẹ fi omi fọ fìlà náà kúrò kí ẹ tó sọ pé kò sí nǹkan. Kí aláìsàn fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn tí ẹ bá ń wo apá ọ̀tún, kí ó dojú sókè fún ààrin, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn fún apá òsì. Afẹ́fẹ́ á gòkè, omi á lọ sílẹ̀, ibi tí ẹ ń wò á sì là. Ìdí nìyí tí oorun àsùnwọra kò fi dáa fún gbogbo èèyàn, ẹni tó sùn bí òkúta kò ṣe é yí. Mídásólámù (oògùn oorun) mílígíráàmù 2 sí 2.5 láti bẹ̀rẹ̀, 0.5 sí 1 fún àgbàlagbà, kí ẹ dúró wo bó ṣe mú un kí ẹ tó fi kún un, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ka ọ́síjìn lórí ìka láti ìbẹ̀rẹ̀ títí yóò fi jí.

Ìfófó náà ń bo nǹkan. Símẹ́tíkóònù (oògùn tó ń pa ìfófó) díẹ̀ nínú oògùn tí aláìsàn ń mu sàn ju èyí tí ẹ dà sínú ike omi ẹ̀rọ lọ, torí ó máa ń ṣẹ́kù sínú ihò ẹ̀rọ, fífọ̀ kì í sì í kó o tán.

Tí ẹ bá kọ "inú mọ́ díẹ̀" sínú èsì, ẹ kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ lo òṣùwọ̀n Boston: ọ̀tún, ààrin, òsì, kálukú gba 0 sí 3 lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ tán. 0 ni ìgbẹ́ líle tí kò ṣe é kó. 1, ẹ rí apá kan, ẹ kò rí apá kan. 2, ìdọ̀tí díẹ̀ kù ṣùgbọ́n awọ ìfun hàn. 3, kò sí ìdọ̀tí kankan. Kí àpapọ̀ tó 6, kí ibì kọ̀ọ̀kan sì tó 2. Àpapọ̀ nìkan ló ń tan èèyàn jẹ: 3 ní òsì, 3 láàrin, 0 ní ọ̀tún, ó pé 6, bẹ́ẹ̀ ẹ kò rí apá ọ̀tún rárá. Ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ padà wá láàárín ọdún kan. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló gbé e wá, kí ó má tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ dókítà tó ń wo dáadáa ni iye èèyàn tó rí adẹnómà (irú pólípù tó lè di jẹjẹrẹ) lára wọn nínú 100. Ní Amẹ́ríkà, 25 ni tẹ́lẹ̀, 2024 sọ ọ́ di 35 fún ẹni ọdún 45 sókè. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2014 fi hàn pé bí iye yẹn bá fi 1 gòkè nínú 100, ewu pé jẹjẹrẹ ìfun á yọ sí aláìsàn náà lẹ́yìn àyẹ̀wò ń fi bíi 3 nínú 100 dínkù. Ẹ má kàn gbé 35 yẹn lé dókítà tiwa lórí o, torí àwọn tí wọ́n ń wò lọ́hùn-ún ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ń wá sọ́dọ̀ wa, ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde kí wọ́n tó wá. Ṣùgbọ́n kí kálukú máa ka tirẹ̀. Ẹni tí kò kà kò lè mọ̀.

OníṣẹẸ̀rọ_Tákíẹ́

Ẹ kò tíì dárúkọ ẹ̀rọ. Ihò kékeré kan wà lórí rọ́bà náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, tó ń fín omi sí ojú kámẹ́rà láti fọ̀ ọ́. Tí ẹ kò bá fín omi gba inú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tí rọ́bà jáde, ìdọ̀tí á gbẹ síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, omi á máa kán, kò ní fín mọ́, ojú kámẹ́rà á ṣú, dókítà á sì máa wo ìfun bí ẹni ń wo ojú títì láti inú ọkọ̀ tí wáípà rẹ̀ ti bàjẹ́. Wọ́n á ní aláìsàn ni kò mọ́.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi gọ́ọ̀sì funfun han kámẹ́rà, kí ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń tún funfun ṣe. Tí ẹ bá fò ó, gbogbo ìfun á pọ́n tàbí kí ó rí rúsúrúsú, ohun tó pọ́n díẹ̀ ju ara tó yí i ká lọ kò sì ní hàn. Fìtílà xenon ń tó bíi wákàtí 500, lẹ́yìn náà á ṣì máa tàn ṣùgbọ́n á ti rẹ̀. Ẹ máa ka wákàtí rẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tó máa kú.

NEPA: ínfátà gbọ́dọ̀ gbé kámẹ́rà, fìtílà àti ẹ̀rọ tó ń ka ọ́síjìn papọ̀ títí jẹnẹrétọ̀ á fi gbà á. Ẹ má so ẹ̀rọ tó ń fa omi mọ́ ìlà míràn kí ẹ sì gbàgbé rẹ̀. Tí iná bá lọ nígbà tí rọ́bà wà nínú, ẹ dá a dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá ń fà á nínú òkùnkùn kò wo nǹkan kan, ó sì lè ṣèpalára.

Fífọ̀: ìdánwò jíjò ṣáájú, búrọ́ọ̀ṣì la gbogbo ihò tó lè gbà á já títí yóò fi jáde mọ́, kí ó tó wọ inú glutaraldehyde (oògùn apakòkòrò) ìpín 2 nínú 100 fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ fi bébà ìdánwò wo agbára rẹ̀ lójoojúmọ́, torí ẹni tó ń ka ọjọ́ 14 nìkan lè máa fi omi lásán fọ̀ ọ́ láti ọjọ́ kẹsàn-án. Omi mímọ́ ni kí ẹ fi ṣàn án, lẹ́yìn náà ọtí (alcohol) ìpín 70 nínú 100, afẹ́fẹ́, kí ẹ sì gbé e kọ́ lóòró. Àpótí tó gbé e wá láti ilé ìtajà kọ́ ni ilé rẹ̀ o, ọ̀rinrin ń gbé inú fóòmù yẹn.

Nọ́ọ̀sì_Arówómọ́lẹ̀

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á máa fún yín lókun. Ẹ kò tíì fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ọkọ̀, MàmáEndo. Àti oògùn ṣúgà, àti àgbo.

MàmáEndo

Ẹ má bínú. Ẹ yí bí ẹ ṣe ń fúnni ní aago padà. Ará ìgboro ni kí ẹ fún ní aago 9: á bẹ̀rẹ̀ lítà 2 tó kù ní aago 4 ìdájí, á parí bíi 5:30. Ẹni tó ń ti Àjáàwà tàbí Ìkòyí-Ilé bọ̀, aago 12 ni kí ẹ fún un: á bẹ̀rẹ̀ ní 6, á parí ní 7:30, á wà nílé títí ìyàgbẹ́ yóò fi rọlẹ̀, á wọ ọkọ̀ ní bíi 9:30. Kí ó lo páńpáàsì àgbà tàbí aṣọ ìnura méjì, kí ó jókòó sẹ́yìn awakọ̀ níbi tó ti lè tètè bọ́ọ́lẹ̀. Èyí tó dára jù ni kí ó sùn sọ́dọ̀ ẹbí ní ìgboro, nítòsí ilé ìyàgbẹ́ tó dá dúró, kì í ṣe èyí tí ilé mẹ́fà jọ ń lò. Kí ẹnìkan tẹ̀ lé e wá, torí kò gbọ́dọ̀ dá gun ọ̀kadà padà, kò sì gbọ́dọ̀ wakọ̀ fún wákàtí 24.

Ní ti àgbo, ẹ pe àgbo jẹ̀dí ní orúkọ rẹ̀ gan-an nínú ìwé. Tí ẹ bá kọ "oògùn" nìkan, aláìsàn á ní òun kò lo oògùn kankan, torí àgbo kì í ṣe oògùn lójú tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ sì ti ń mu ún fún jẹ̀díjẹ̀dí fún oṣù mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ kámẹ́rà. Àwọ̀ rẹ̀ máa ń pa ara ìfun láró. Ọ̀sẹ̀ 1 ṣáájú, kí ó gbé e sílẹ̀.

Awòfun

Oògùn ṣúgà: kí ó má mu mẹ́tífọ́ọ̀mìn ní àárọ̀ àyẹ̀wò, insulin, kí dókítà rẹ̀ bá a dín in kù ṣáájú, kí ó sì máa yẹ ṣúgà wò. Tó bá bọ́ sísàlẹ̀ 70 mg/dL, kí ó mu omi oyin tàbí Sprite, kì í ṣe kí ó máa rò pé òun ń gbààwẹ̀. Kí ẹ fi àwọn onítọ̀ ṣúgà ṣáájú lórí ìwé ti ọjọ́ yẹn. Warfarin (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì), kí ó dá a dúró ní ọjọ́ 5 ṣáájú, ṣùgbọ́n dókítà tó kọ ọ́ fún un ló gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìwé yín. Aspirin, kí ó máa bá a lọ.

Ọmọ_ÌsàlẹAfọ́n

Kí ẹ tó tẹ ìwé náà: píọ̀ wọ́tà 8 yẹn tọ̀nà tí sẹ̀ǹtílítà 50 bá wà lára ọ̀rá rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló pé 50. Ẹ kọ "ka ara ọ̀rá" síwájú rẹ̀, tàbí kí ẹ kúkú máa fún wọn ní kẹ́ẹ̀gì.